Àmì Èédú Lára Ẹyin

Adìẹ kì í yé ẹyin kí ó dákẹ́. Bí ó bá ti yé e tán, yóò ké kí gbogbo agboolé gbọ́, bí ẹni pé irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ rí láyé. Igbe yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́ bí mo bá rántí ilé wa, kí n tó rí ojú ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Ilé amọ̀ mẹ́ta ni, wọ́n yí àgbàlá kan ká, lẹ́bàá ọ̀nà tó ti Adja-Ouèrè lọ sí Oko-Akarè. Ilé ìdáná wà lẹ́yìn, igi máńgòrò wà níwájú, ilẹ̀ dúdú tí bàbá mi ń ro sì bẹ̀rẹ̀ níbi tí òjìji igi náà parí sí. Ní òwúrọ̀, a máa ń gbọ́ ìgbálẹ̀, lẹ́yìn náà odó, lẹ́yìn náà adìẹ. Ìyá Àgbà, ìyá tó bí bàbá mi, ló ni àwọn adìẹ náà. Ojú rẹ̀ ti ń ṣú ní àkókò yẹn, òjìji ni ó fi ń mọ ènìyàn, ṣùgbọ́n kò sí adìẹ tó lè fi ohùn tàn án. Yóò wà lórí àpótí rẹ̀, yóò máa ṣa ẹ̀wà, yóò sì dédé gbé orí sókè: "Dúdú ti yé. Lọ wo ẹ̀yìn ẹní." Èmi yóò sáré lọ wo ẹ̀yìn ẹní tí a ká sí igun yàrá, ẹyin yóò wà níbẹ̀, yóò lọ́ wọ́ọ́rọ́ lọ́wọ́ mi. Èmi ni ojú rẹ̀. Ohun tí ó bá ti fi etí rí, èmi a fi ẹsẹ̀ lọ mú un wá.

Ọwọ́ mi mọ ẹyin nígbà náà, ẹnu mi kò mọ̀ ọ́n. Ní ilé wa, àti ní gbogbo ilé tí mo mọ̀, a kì í fún ọmọdé ní ẹyin jẹ. Wọ́n ní ọmọ tó bá tọ́ ọ wò yóò di olè, pé adùn rẹ̀ kò ní jẹ́ kí ọwọ́ rẹ̀ gbélé mọ́. Òfin kan náà de ajá wa. Tanímọ̀la ni orúkọ rẹ̀, ajá pupa kan tó sanra ju bí ó ṣe yẹ kí ajá oko sanra lọ. Ìyá Àgbà kì í jẹ́ kí èèpo ẹyin kan ṣoṣo bọ́ síwájú rẹ̀. "Ajá tó bá ti mọ adùn ẹyin, ìdí adìẹ ni yóò máa sùn," ni ó máa ń wí. Nítorí náà, ẹ̀dá méjì ló wà ní agboolé wa tí kò tíì tọ́ ẹyin wò, èmi àti Tanímọ̀la. Mo ti lé ní àádọ́ta ọdún dáadáa báyìí, mo ti jẹ ẹyin tí n kò lè kà, n kò sì tíì jí nǹkan ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n n kò dá àwọn àgbà lẹ́bi. Ẹyin tí ọmọ bá jẹ lónìí, adìẹ tí ìdílé ìbá pa lọ́dún tó ń bọ̀ ni. Ó sì rọrùn láti dẹ́rù ba ọmọ ju kí a máa ṣàlàyé fún un lọ.

Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, Dàhómè ni ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́. Òmìnira ti dé, a ti rí àsíá tuntun ní Adja-Ouèrè, ṣùgbọ́n àwọn tó wà lókè kì í jókòó pẹ́. Bí ẹnì kan bá gun orí àga, ẹlòmíràn a tì í kúrò. Àbúrò ìyá mi tó jẹ́ olùkọ́ ní Pobè ló ń mú ìròyìn wọn wá fún wa, pẹ̀lú rédíò kékeré kan tó so mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ rẹ̀. Bàbá Pobè ni gbogbo wa ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì gbé ìyàwó, kò sì tíì bí ọmọ kankan. Bí ó bá ti sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́, ohun tí Ìyá Àgbà máa ń kọ́kọ́ bi í ni pé, "Ta ló ń sàba níbẹ̀ báyìí?" Bàbá Pobè a rẹ́rìn-ín, a dárúkọ ẹnì kan, Ìyá Àgbà a sì mi orí. "Wọn kì í jẹ́ kí ẹyin gbóná."

Bàbá Pobè ló fẹ́ mú mi lọ sí ilé-ìwé. Mo ti lé ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, àwọn tí mo gbé pọ̀n ti ń ka ìwé. Ìyá mi fẹ́ bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nílé lọ́dún náà. Ìyá tirẹ̀ ṣubú ní Kpoulou, itan rẹ̀ dá, ìyá mi sì lọ tọ́jú rẹ̀. Bàbá mi ni kò fẹ́. Kì í ṣe pé ó kórìíra ìwé; ọwọ́ tí yóò máa bá a ro oko ni kò pọ̀ tó. "Mùsíyé," ni ó sọ fún Bàbá Pobè, nítorí bẹ́ẹ̀ ni ó ń pe ẹnikẹ́ni tó bá wọ bàtà, "ta ni yóò máa se oúnjẹ fún ọmọ mi ní Pobè? Ìyàwó rẹ dà?"

"Ẹ̀gbọ́n, àkàsà wà lọ́jà. Sàdínì wà nínú agolo."

"Èmi kò bí ọmọ fún agolo." Bàbá mi ronú díẹ̀. Mo mọ̀ pé ó ti rí ọ̀nà tí yóò gbà ṣẹ́gun. "Ó dára. Ọmọ tí kò lè dáná kò lè gbé ìlú onílùú. Kí ilé-ìwé tó wọlé, ní oṣù mẹ́ta sí àkókò yìí, ìwọ yóò tún wá. Lọ́jọ́ náà, ọmọ yìí ni yóò se ohun tí èmi àti ìwọ yóò jẹ. Bí mo bá jẹ tèmi tán, gbé e sí ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́ rẹ. Bí ó bá ṣẹ́ kù, bí ó ti wù kí ó kéré tó, ọkọ́ rẹ̀ ń bẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn."

Bàbá Pobè wò mí tàánú tàánú. Gbogbo wa la mọ bàbá mi nídìí oúnjẹ. Kì í bínú, kì í ráhùn. Bí nǹkan kan kò bá tẹ́ ẹ lọ́rùn, yóò kàn ti abọ́ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ díẹ̀, yóò sì ké sí ajá. Ìdí nìyẹn tí Tanímọ̀la fi sanra.

Mo lọ jókòó lẹ́yìn àpótí Ìyá Àgbà, mo ń sunkún ní ọ̀nà tí kò fi ní gbọ́. Ó gbọ́. Ó bi mí pé kí ni mo mọ̀ ọ́n sè. Mo ní n kò mọ nǹkan kan. "O mọ bí a ṣe ń gbé omi kaná?" Mo ní mo mọ̀ ọ́n. "Ó ti tó. Ọkà ń fẹ́ apá, obẹ̀ ń fẹ́ ọjọ́ orí. Ẹyin kò fẹ́ ju pé kí o má ṣe kánjú, kí o má sì ṣe sùn lọ." Mo rántí ajá. Mo ní, "Ìyá Àgbà, bí bàbá mi bá wá ṣẹ́ kù ńkọ́? Ṣé Tanímọ̀la yóò jẹ ẹyin ni?" Ó dáwọ́ ẹ̀wà tó ń ṣà dúró. "Ìdí nìyẹn tí kò fi gbọdọ̀ ṣẹ́ kù. O kò ní sọ ajá mi di olè." Ó ti di arúgbó tí kò lè rí ẹyin lẹ́yìn ẹní láìsí mi, ó sì ń kọ́ mi ní ohun tí yóò gbé mi kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. N kò ro ìyẹn rárá nígbà náà. Ọmọdé kì í ro irú rẹ̀.

Sísè ni a fi bẹ̀rẹ̀. Ó ní kí n kó ẹyin méjì sínú ìkòkò kékeré, kí n da omi tútù lé wọn títí yóò fi bò wọ́n, kí n bu iyọ̀ díẹ̀ sí omi náà nítorí èyí tó bá sán, kí n tó wá koná sí i. Ẹyin tí a bá sọ sínú omi híhó, ó ní ẹ̀rù a bà á, a sì là. Ṣùgbọ́n a kò ní aago tí yóò sọ ìgbà tí ó jinná fún wa. "Bí omi bá ti hó, dìde, lọ kí Bàbá Àkàndé, kí o padà wá. Nígbà tí o bá fi máa dé, ó ti jinná." Bàbá Àkàndé ni ilé rẹ̀ kángun sí tiwa, àgbàlagbà kan tó ń hun agbọ̀n níwájú ilé rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, mo sáré lọ, mo dọ̀bálẹ̀, mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá." Ó ń bá okùn kan jà lọ́wọ́, ó ní, "Oo, ọmọ mi." Mo sáré padà. Inú ẹyin náà ń ṣàn bí ikun. Ìyá Àgbà ní, "O kò kí i dáadáa."

Lọ́jọ́ kejì, mo kí i dáadáa. "Ẹ kú iṣẹ́ o, Bàbá. Ẹ kú ìjókòó. Ṣé ara le?" Ó ní, "Ara le, a dúpẹ́. Ìyá Àgbà ńkọ́?" "Wọ́n wà, Bàbá." "Ojú wọn ńkọ́?" "Bẹ́ẹ̀ náà ni, Bàbá." "Ìyá rẹ ti dé láti Kpoulou?" "Wọn kò tíì dé." "Itan ìyá wọn ńkọ́?" "Ó ń san díẹ̀díẹ̀." "Ewúrẹ́ yín tó bímọ ńkọ́?" "Ó wà, Bàbá." "Jókòó, jẹ́ kí n sọ fún ọ nípa ewúrẹ́ kan tí mo ní nígbà tí mo wà ní Tatonnonkon." Ọmọ wo ni yóò sọ fún àgbà pé ẹyin òun wà lórí iná? Mo jókòó. Kí ewúrẹ́ náà tó kú nínú ìtàn, omi ti gbẹ nínú ìkòkò wa, òórùn rẹ̀ sì ti dé ọ̀dọ̀ wa níbi tí a jókòó sí. Ìyá Àgbà bó ẹyin náà, ó jù ú sílẹ̀, ó ta padà. Ó ní, "Èyí, a lè fi ta ayò." Lẹ́yìn ìyẹn ni a fẹnu kò: kí n kí Bàbá Àkàndé dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá ti kan ewúrẹ́, kí n sọ pé ewúrẹ́ wà lóko, kí n sì máa bọ̀. Láti ọjọ́ náà, ẹyin mi kò rọ̀ jù, kò sì le jù. Títí di òní, n kì í wo aago bí mo bá ń se ẹyin. Bí omi bá ti hó, mo máa ń kí Bàbá Àkàndé lábẹ́ ẹnu mi, láti orí ìjókòó dé orí itan. Bí mo bá dé ọ̀dọ̀ ewúrẹ́, mo sọ ìkòkò kalẹ̀. Nígbà tí ìyàwó mi wà láyé, ó máa ń dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, a sì máa dá mi lóhùn ní ohùn arúgbó. Báyìí, èmi ni mò ń kí, èmi ni mò ń dáhùn.

A sun ún pẹ̀lú, nínú eérú gbígbóná. Ẹni tó bá fẹ́ sun ẹyin, kí ó fi ẹ̀gún lu ihò kékeré sí i lórí, kí ó sì fi ewé tútù wé e. Mo fi ewé wé e, mo gbàgbé ihò. Ẹyin náà bú gbàù, eérú bo ojú mi, Tanímọ̀la sá wọ inú àgbàdo, Bàbá Àkàndé sì ké láti iwájú ilé rẹ̀ pé, "Ṣé wọ́n tún ti yí ìjọba padà ni?" A fi sísun sílẹ̀. Dídín ni Ìyá Àgbà ní kí n fi dúró níwájú bàbá mi, nítorí ọ̀rẹ́ epo pupa ni bàbá mi. Ẹ̀kọ́ dídín kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó le. Kí epo gbóná, kí ó má ṣe rú èéfín. Kí àlùbọ́sà ṣáájú, kí ata tẹ̀lé e. Kí a fọ́ ẹyin kọ̀ọ̀kan sínú igbá kékeré ná, kí a wò ó, kí a tó dà á pọ̀ mọ́ èkejì rẹ̀, nítorí ẹyin kan tó bàjẹ́ lè ba mẹ́rin jẹ́. Bí a bá dà á sínú agbada, kí a fa igi iná jáde, kí ó máa fi ooru tó kù jinná. Ìyá Àgbà ló ń jẹ gbogbo ohun tí mo bá dín. Yóò jẹ ẹ́ tán, yóò ní, "Ọ̀la ń bọ̀."

Iyọ̀ ni ìṣòro mi. Báwo ni n ó ṣe mọ̀ pé ó tó, nígbà tí n kò gbọdọ̀ tọ́ ọ wò? Ìyá Àgbà fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú ìka mi mẹ́ta, ó kì wọ́n bọ inú iyọ̀. "Ìka mẹ́ta fún ẹyin mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo. Bí o kò bá rántí bóyá o ti bù ú, gbà pé o ti bù ú. Èyí tí kò níyọ̀, a lè fi kún un. Èyí tí iyọ̀ pọ̀ nínú rẹ̀, ta ni yóò yọ ọ́?"

Ní àkókò tí ọjọ́ náà ń sún mọ́ tòsí, Òpìpí ń sàba. Òpìpí ni adìẹ wa tí ìyẹ́ rẹ̀ kò kún, tí ń rìn káàkiri bí ẹni tó wọ aṣọ ọmọ rẹ̀. Inú apẹ̀rẹ̀ kan ní igun ilé ìdáná ni ó wà, ẹyin méje ló sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn adìẹ yòókù, ibi tó bá ti gbóná ni wọ́n ń fẹ́ yé sí. Bí Òpìpí bá jáde lọ jẹun, Dúdú a bọ́ sínú apẹ̀rẹ̀, a yé tirẹ̀ mọ́ ọn, a sì jáde bí ẹni tí kò ṣe nǹkan kan. Nítorí èyí ni Ìyá Àgbà fi máa ń fi èédú fa ìlà yí ẹyin tí a fẹ́ kí Òpìpí pa ká. Ẹyin tó bá ní ìlà, onílé ni, má ṣe fọwọ́ kàn án. Ẹyin tí kò bá ní ìlà, àlejò ni, mú un jáde. Iṣẹ́ mi ni láti máa kó àwọn àlejò ní ìrọ̀lẹ́. Ṣùgbọ́n a ń kórè àgbàdo ní ọ̀sẹ̀ náà, òjò tó pẹ́ kó tó dáwọ́ dúró bá wa lóko, bàbá mi kò sì jẹ́ kí n sinmi, bí ẹni pé ó fẹ́ gba iṣẹ́ gbogbo ọdún tó ń bọ̀ lọ́wọ́ mi kí n tó lọ. Ìrọ̀lẹ́ méjì kọjá, n kò kó àlejò kankan, kò sì sí ẹyin mìíràn nílé.

Bàbá Pobè dé kí oòrùn tó kan àtàrí. Ó fi kẹ̀kẹ́ ti igi máńgòrò, ó nu ẹrẹ̀ lára bàtà rẹ̀, òun àti bàbá mi sì jókòó dè mí. Mo ti lọ ata, mo ti gé àlùbọ́sà, iná ti ràn. Mo gbé Òpìpí kúrò, ó ṣá mi ní ọwọ́, mo wo inú apẹ̀rẹ̀. Ẹyin mọ́kànlá. Ẹrẹ̀ òjò àti ìgbẹ́ adìẹ ti bo gbogbo wọn, n kò mọ èyí tó jẹ́ ìlà àti èyí tó jẹ́ ìdọ̀tí. Mo rò ó dáadáa. Mo sọ fún ara mi pé bí mo bá fọ ẹrẹ̀ náà kúrò, àmì yóò hàn. Mo pọn omi sínú ọpọ́n, mo mú kànrìnkàn, mo fọ̀ wọ́n. Mo fọ̀ wọ́n bí ẹni tó mọ iṣẹ́. Ẹrẹ̀ lọ, èédú sì bá a lọ. Nígbà tí mo ṣe tán, ẹyin mọ́kànlá dùbúlẹ̀ sínú ọpọ́n, gbogbo wọn mọ́ tónítóní. Kò sí èyí tó jọ àlejò, kò sí èyí tó jọ onílé.

"Ṣé ojú iná ni ó ń wò ni?" Ohùn bàbá mi nìyẹn láti ìta. Bàbá Pobè ní, "Ẹ fún un láyè, Ẹ̀gbọ́n." Bàbá mi ní, "Oṣù mẹ́ta ni mo fún un." Mo mú ẹyin kan, mo gbé e sí etí, n kò gbọ́ nǹkan kan. Mo sọ fún ara mi pé àlejò ni. Mo fọ́ ọ sínú igbá kékeré. Òròmọdìẹ ni. Ojú rẹ̀ pa dé, ìyẹ́ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí òwú. Kò mí. Mo fi ewé bò ó, mo sì dúró síbẹ̀. Bí mo bá tún fọ́ òmíràn, mo lè tún pa òmíràn. Bí mo bá jáde lọ sọ ọ́, bàbá mi yóò nawọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. N kò lè lọ síwájú, n kò lè padà sẹ́yìn, àlùbọ́sà sì ti ń pupa nínú epo.

Mo gbọ́ ọwọ́ Ìyá Àgbà lára ògiri, ó ń táràrà bọ̀. "Ilé ìdáná yìí dákẹ́ jù," ó ní. "Ẹni tó ń dín nǹkan kì í dákẹ́. Kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ìyá Àgbà, mo fọ àwọn ẹyin."

"Kí ló burú níbẹ̀?"

"Ti abẹ́ Òpìpí ni. Gbogbo wọn. Àmì ti lọ."

Ọwọ́ rẹ̀ wá igbá kékeré náà rí, ó gbé ewé kúrò, ìka rẹ̀ kan ohun tó wà níbẹ̀, ó sì rọra dá ewé padà. Mo ń retí àbàrá. Ó ní, "Kí ló dé tí o fọ̀ wọ́n?"

"Kí àmì lè hàn dáadáa ni."

Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Mo rò pé ó ń sunkún. Ẹ̀rín ni. Ó rín in títí ó fi jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. "Ó fọ̀ ọ́ kí ó lè hàn! Ẹ̀yin ará Pobè, ẹ wá gbà á o, akọ̀wé ti dé!"

Ẹ̀rín náà ló mú bàbá mi àti Bàbá Pobè wọlé. Bàbá mi wo ọpọ́n, ó wo igbá, ó wo ojú mi. "Ó dára," ni ó wí jẹ́ẹ́jẹ́. "Ọ̀rọ̀ ti yanjú nìyẹn."

"Ọ̀rọ̀ wo ló yanjú?" Ìyá Àgbà kò dìde nílẹ̀. "O ti jẹun? Ẹnu rẹ ni o ní yóò ṣe ìdájọ́, o kò sọ pé ojú rẹ. Ìwọ ọmọ yìí, gbé epo kúrò lórí iná, gbé omi kaná. Má ṣe jẹ́ kí ó hó. Omi tí a lè fi wẹ ọmọ tuntun ni mò ń wí."

Mo gbé omi kaná. Ó ti igunpá rẹ̀ bọ̀ ọ́, ó ní kí n fi tútù díẹ̀ kún un, ó tún tì í bọ̀ ọ́, ó ní ó tó. Mo da omi náà sínú ọpọ́n ńlá, mo sì fi ọwọ́ méjèèjì gbé àwọn ẹyin sínú rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, mẹ́wàá tó kù. Mẹ́rin rì, wọ́n sùn sí ìsàlẹ̀ bí òkúta. Mẹ́fà léfòó. "Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fọwọ́ kan omi," Ìyá Àgbà wí. "Ẹ dúró." A dúró. Omi náà tòrò. Lẹ́yìn náà, ọ̀kan nínú àwọn tó léfòó mì. Kò sí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Ó mì lẹ́ẹ̀kan sí i, bí ẹni tó ń ju apá lójú oorun. Èkejì mì, ó yí bìrí. N kò rí bàbá mi nínú ilé ìdáná rí kí ọjọ́ yẹn tó dé. Ó ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọpọ́n, ó ń nàka. "Ẹ wò ó, ẹ wò ó, ìyẹn náà tún mì!" Bàbá Pobè ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní, "N kò rí èyí nínú ìwé kankan." Ìyá Àgbà ní, "Èwo nínú àwọn tó kọ ìwé yín ló ń sin adìẹ?" Ó yí ojú sí mi. "Mélòó ló léfòó?" "Mẹ́fà, Ìyá Àgbà." "Mélòó ló rì?" "Mẹ́rin." "Mẹ́rin ni oúnjẹ. Nu mẹ́fà gbẹ, dá wọn padà fún ìyá wọn kí wọ́n tó tutù, kí o wá parí iṣẹ́ rẹ. Ebi ń pa àwọn tó fẹ́ dá ọ lẹ́jọ́."

Òpìpí gbà wọ́n lọ́wọ́ mi, ó bú mi, ó sì jókòó lé wọn. Mo gbé epo padà sórí iná. Mo fọ́ mẹ́rin náà lọ́kọ̀ọ̀kan, pupa wọn yọ roboto, mo sì pò wọ́n pọ̀. N kò rántí bóyá mo ti bu iyọ̀ sí ata kí ìdààmú náà tó dé. Mo bu ìka mẹ́ta. Ó dà bíi pé èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ bọ́ sílẹ̀, mo tún bu ìka mẹ́ta. Mo da ẹyin sínú agbada, mo fa igi jáde, mo sì bá a dúró. Ó wú, ó pọ́n ní etí, kò jóná. Mo gbé e síwájú wọn nínú abọ́ méjì, pẹ̀lú àkàsà. Tanímọ̀la jókòó síwájú abọ́ bàbá mi, ó ká ìrù rẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀.

Bàbá Pobè ló kọ́kọ́ jẹ ẹ́. Ó jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ẹnu rẹ̀ dúró. Ó wo bàbá mi. Ó ní kí n fún òun ní omi. Mo bu omi fún un, ó mu ún tán, ó tún jẹ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan, ó tún ní kí n fún òun ní omi. Bàbá mi kò bèèrè omi. Ó ń jẹun bí ó ti máa ń rìn lọ sóko, kò yára, kò dúró, kò wo ẹnikẹ́ni. Ó kù díẹ̀ nínú abọ́ náà, kò ju àtàǹpàkò lọ, nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó wo ajá. Ajá dìde. Ó wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ó pẹ́ lójú mi. Lẹ́yìn náà, ó fi àkàsà tó kù nu abọ́ náà yíká, ó kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu, ó gbé e mì. "Ó jinná," ni gbogbo ohun tí ó sọ. Ó dìde, ó mú ọkọ́ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó gbé e sókè àjà, ó sì bọ́ síta.

N kò mọ bí mo ṣe dé ilé ìdáná. Ìyá Àgbà ti gbé agbada lé ẹsẹ̀, ó ń ha ohun tó lẹ̀ mọ́ ọn. "Ya ẹnu," ó ní.

"Ìyá Àgbà, wọ́n ní ọmọdé kì í..."

"Ẹni tó ń lọ sí Pobè kì í ṣe ọmọdé mọ́. Bí o bá sì di olè lọ́hùn-ún, wọn kò ní mọ̀ pé ilé wa ni o ti kọ́ ọ. Méje ni mo fi èédú sàmì sí. Ọ̀kan kú, mẹ́fà wà lábẹ́ ìyá wọn, ìwọ ń gun kẹ̀kẹ́ lọ. Ya ẹnu, mo ní."

Mo ya ẹnu. Mo ti ń ronú nípa adùn yẹn láti ìgbà tí mo ti gbọ́n, adùn tó lè sọ ènìyàn di olè. Iyọ̀ ni mo bá. Iyọ̀ níwájú, iyọ̀ lẹ́yìn, ó ta mí ní ahọ́n, ó fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi pọ̀, omi sì jáde lójú mi. Mo wo Ìyá Àgbà. Ó ti fi ìka kan tọ́ ọ wò, ó sì di ẹnu mọ́ ẹ̀rín. Mo sáré jáde láti wá omi.

Bàbá mi wà níbẹ̀ ṣáájú mi, nídìí ìkòkò omi tó wà lẹ́yìn igi máńgòrò, ó kọ ẹ̀yìn sí ilé. Ó gbé igbá sẹ́nu. Ó mu ún tán, ó bu òmíràn, ó mu ìyẹn náà tán, ó tún bu òmíràn. Tanímọ̀la jókòó lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń wò ó, ó ṣì ń retí tirẹ̀.